Àjẹkù Bàbá

Nílé wa ní Ẹdẹ, ẹni tó bá lọ gbé abọ́ bàbá mi lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán ló ni àjẹkù. Mi ò mọ ẹni tó ṣe òfin náà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan nínú agbo ilé wa tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá ti jókòó sórí ẹní lọ́dẹ̀dẹ̀, tí ìyá mi sì gbé oúnjẹ síwájú wọn, èmi náà á lọ fẹ̀yìn ti ògiri, màá máa ṣe bí ẹni tó ń wo adìyẹ. Adìyẹ kọ́ ni mò ń wò. Ọwọ́ bàbá mi ni mò ń wò. Wọ́n á jẹun dé ibì kan, wọ́n á fi òkèlè bo ẹran mọ́lẹ̀ nínú abọ́, wọ́n á mu omi, wọ́n á ní, "Alhamdulillahi. Ta ló wà níbẹ̀ yẹn, kó wá gbé abọ́." Bí ẹni pé wọn ò rí mi láti àárọ̀.

Òfin náà ní apá kejì. Àgbà kì í jẹ àjẹkù ọmọdé. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù nínú abọ́ tèmi, adìyẹ ló ni ín. Oúnjẹ a máa ti ọ̀dọ̀ àgbà lọ sọ́dọ̀ ọmọ ni, kì í padà.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n èmi ò ro ti igbá rárá nígbà náà. Mo rò pé bàbá mi ti yó ni. Oko iṣu ni wọ́n ń dá lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà, ìdájí ni wọ́n sì ń jáde nílé. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹni tó kọ ebè láti ìdájí kì í tètè yó.

Ọdún pọ̀ lórí ìyẹn kí n tó padà sílé. Ìyá mi ti kú. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ lókè Ọya, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń rọ́nà wá. Mo kó ọmọbìnrin mi kékeré dání, mo gbé máṣíìnì ìránṣọ mi sí iwájú ilé, mo ní n ó máa tọ́jú bàbá mi. Bàbá ò ní kí ẹnikẹ́ni wá tọ́jú àwọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n rí ọmọ mi, wọ́n ní, "Ìyàwó mi dé," wọ́n sì ti gbàgbé pé èmi náà wà níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí a débẹ̀ ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ wọ́n. Omi tí wọ́n ń mu kò ní òǹkà, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò yé tọ̀. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìtọ̀ ṣúgà ló pa ẹ̀gbọ́n wọn. Egbò kékeré kan ló bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n náà, wọ́n ń fi ewé dì í, wọ́n ń sọ pé òkúta ló gún àwọn. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n ní àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Wọ́n gé e, wọn ò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Èmi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ bàtà tó ṣẹ́kù kúrò lẹ́sẹ̀ kejì. Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn gún ìka bàbá mi, tó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, tó sì mi orí, mo ti búra nínú ara mi kó tó la ẹnu. Bàbá tèmi ò ní í bá ọ̀nà yẹn lọ.

Mo di sójà. Bàbá ló sọ mí lórúkọ yẹn, orúkọ náà sì mọ́ mi lára. Mo kó ṣúgà inú ilé dànù tòun ti agolo rẹ̀. Mo kó mílíìkì alágolo, mo kó bisikíìtì, mo kó oyin tí ẹnì kan mú wá fún wọn láti oko. Búrẹ́dì ò gbọdọ̀ wọlé. Ìyá ẹlẹ́kọ wà ní òdìkejì àgbàlá wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàbá mi ti ń mu ẹ̀kọ gbígbóná láràárọ̀ pẹ̀lú ṣúgà bí iyẹ̀pẹ̀. Mo kọjá lọ bá a, mo ní bó bá tún ta ẹ̀kọ oníṣúgà fún bàbá mi, èmi àti ẹ̀ ni. Ó jù mí lọ dáadáa. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbi tóo ti ń bọ̀ nìyẹn?" Ṣùgbọ́n kò tà á fún wọn mọ́.

Mo gbé iyán kúrò, mo fi àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dípò. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́, ẹja, ilá tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn. Mo gbé abọ́ tánganran ńlá tí wọ́n fi ń jẹun láti ìgbà ìyá mi sórí àjà, mo ra àwo pẹrẹsẹ kan. Nọ́ọ̀sì ti sọ ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n máa jẹ kí wọ́n tó lo oògùn ṣúgà tí ilé ìwòsàn fún wọn, mo sì ń fi ìgbakọ wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn wúrà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá wo àwo náà títí.

"Sójà, ṣé ìtọ́wò nìyí?"

"Oúnjẹ yín ni, Bàbá."

"Àwo yìí fẹ̀ ju oúnjẹ inú rẹ̀ lọ. Ojú ń ti àmàlà."

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò fi kún un. Láti ìgbà yẹn, bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á gba ọ̀nà tó jìn bọ̀ wálé, nítorí nọ́ọ̀sì ní ìrìn dára fún wọn. Mo ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò láràárọ̀. Wọ́n á na ẹsẹ̀ sí mi, wọ́n á máa wo òkè, ojú á máa tì wọ́n díẹ̀. Mo máa ń fi ọwọ́ mi gbá àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń pẹ́ nídìí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹsẹ̀ tó rìn lọ sóko tó fi rán mi nílé ìwé ni.

Ohun tí ẹ̀rọ ń kà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bó ti ń wálẹ̀ ni inú mi ń dùn. Lọ́kàn tèmi, bó bá ṣe kéré tó ni àìsàn ṣe ń sá lọ tó. Ṣòkòtò Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nídìí wọn, mo bá wọn fi okùn sí i. Àwọn ará ilé ń sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, bàbá rẹ rù o," mo ń dá wọn lóhùn pé ìlera ni. Nǹkan kan péré ló ń mú inú bí mi lásìkò náà. Ọmọ mi kì í fẹ́ jẹun mọ́. Bí mo bá gbé tirẹ̀ sílẹ̀, á fọwọ́ tọ́ ọ, á ní òun ti yó. Mo ń pariwo lé e lórí. Síbẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń kún sí i bí ti ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ta àkàrà. Mo rí èyí lójoojúmọ́, n kò sì bi ara mi léèrè nǹkan kan.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ tútù àti ẹ̀fọ́ fún wọn, mo lọ sídìí máṣíìnì. Wọ́n jẹun, wọ́n lo oògùn, ọmọ gbé abọ́. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ tí ọmọ ń sọ pé, "Màámi, Bàbá ń sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́." Mo sáré wọlé. Bàbá jókòó sórí ẹní, aṣọ wọn ti rin fún òógùn bí ẹni pé wọ́n da omi lé wọn lórí. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n wò mí, wọ́n fi orúkọ ìyá mi pè mí.

Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ṣúgà lè wálẹ̀ jù, pé bí mo bá rí òógùn àti ìgbọ̀n, tí wọ́n bá ṣì lè gbé nǹkan mì, kí n tètè fún wọn ní ohun dídùn. Mo rántí. Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì. Kò sí ohun dídùn kankan nínú ilé náà. Èmi sójà ni mo kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Mo la àgbàlá kọjá láìwọ bàtà. Ìyá ẹlẹ́kọ ń bu ẹ̀kọ fún oníbàárà. Ó wo ojú mi, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó gbé agolo ṣúgà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Gbà. Bóo bá fẹ́ bá mi jà, wá bá mi jà lọ́la." Òun gan-an ló tẹ̀lé mi tó bá mi po omi ṣúgà. A gbé orí Bàbá ró, a ń fún wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gbé e mì. Títí ojú wọn fi wálẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ tèmi pè mí, mi ò mọ̀ pé mo ti ń sunkún.

A gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gún wọn níka, ó ní ó ti ń gòkè bọ̀. Ó wá kọjú sí mi.

"Kí ni wọ́n jẹ kí wọ́n tó lo oògùn?"

Mo fèsì gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. "Mọ́ínmọ́ín méjì, ẹ̀kọ kan, ẹ̀fọ́. Bẹ́ ẹ ṣe ní kí n máa wọ̀n ọ́n."

Ọmọ mi di aṣọ mi mú lẹ́yìn. Ó ní, "Èmi ni mo jẹ ẹ́. Bàbá jẹ díẹ̀ báyìí." Ó fi ìka rẹ̀ méjì hàn bó ṣe kéré tó.

Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ṣé òní nìkan ni?" Ọmọ náà wo ojú Bàbá bóyá kí òun sọ ọ́. Bàbá ń wo fáànù tó ń yí lókè bí ẹni pé àwọn kọ́ là ń bá wí.

"Bàbá," nọ́ọ̀sì wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, "oògùn tí ẹ̀ ń lò yìí ò mọ̀ pé ẹ fi oúnjẹ ta ọmọ lọ́rẹ o. Iṣẹ́ tiẹ̀ ló máa ṣe. Bí kò bá bá oúnjẹ níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ló máa bá." Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ dé ibi tí ojú ọmọ mi wà, ó kọ́ ọ. Bó bá rí òógùn lára Bàbá láìsí oòrùn, bó bá rí i tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, kó ké sí ìyá rẹ̀, kó sì fún Bàbá ní nǹkan tó dùn. Ọmọ náà mi orí bí àgbàlagbà.

Inú bí mi. Mi ò ní í purọ́. Ìbínú náà sìn mí délé, nígbà tí Bàbá sì ti sinmi, mo jókòó tì wọ́n lórí ẹní.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé oúnjẹ ò tó?"

"Ó tó."

"Ó tó, ẹ wá ń pín in?"

"Ìwọ lo wọn oúnjẹ," wọ́n ní. "O ò wọn ọmọ mọ́ ọn."

Mo ní ọmọ ní oúnjẹ tirẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Mo ní ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbàgbé ni. Ọmọ wà níta, ó ń lé adìyẹ, ohùn rẹ̀ ń wọlé wá bá wa. Bàbá tẹ́tí sí i fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá tèmi kú nígbà tí mo wà níwọ̀n ọmọ yìí. Bí mo bá di ojú, mi ò rí ojú wọn mọ́. Mi ò rántí ohùn wọn. Ègé ẹran tí wọ́n máa ń fi òkèlè bò fún mi, òun ni mo rántí. Òun nìkan ni mo fi mọ̀ pé mo ní bàbá rí." Wọ́n nu ojú wọn bí ẹni tí eṣinṣin bà lé. "Mi ò lè gbé ìyàwó mi lọ sóko mọ́. Mi ò ní nǹkan mìíràn tí mo lè fún un. Kí ló fẹ́ fi rántí mi? Pé bàbá kan wà tó máa ń jẹun tán?"

Ìbínú mi tán níbẹ̀. Mo rántí ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo rántí abọ́ tánganran, mo rántí àgbẹ̀ tó mu omi lé ebi lórí tó ní Alhamdulillahi. Mo fẹ́ràn bàbá mi ní wákàtí yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo di ọwọ́ wọn mú.

"Bàbá, mi ò fẹ́ kó máa rántí yín. Mo fẹ́ kó máa rí yín."

Wọ́n tẹ ọwọ́ mi díẹ̀. Wọ́n ní, "O sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, mo gun àga, mo sọ abọ́ tánganran kalẹ̀, mo fọ̀ ọ́. Mo bu oúnjẹ Bàbá sí apá kan, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Mo bu ti ọmọ sí apá kejì, mo fi ẹran rẹ̀ síbẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ìgbakọ la ààlà sí àárín. Mo ní, "Ìhà ìhín ni tiyín. Ọ̀hún ni àjẹkù." Bàbá wo abọ́, wọ́n wò mí, inú wọn dùn débi tí wọn ò rí ọ̀rọ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n jẹ apá tiwọn, wọ́n fi òkèlè bo ẹran ní apá kejì, wọ́n mu omi. "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn, kó wá gbé abọ́." Ọmọ ti dé.

Kí ẹ má rò pé wọ́n ronú pìwà dà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá ti kọjú sí ibòmíràn, wọ́n á fi ìka ti oúnjẹ tiwọn kọjá sọ́hùn-ún díẹ̀. Màá ní, "Bàbá, ẹ ti ń yẹ ààlà o." Wọ́n á ní ilẹ̀ ló ń rìn. Àgbẹ̀ àtọjọ́mọ́jọ́ ni wọ́n, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ààlà láìjẹ́ kí ẹni tó ni oko kejì rí i, àmọ́ tiwọn ni pé oko ara wọn ni wọ́n ń gé kù. Mo ra agolo ṣúgà kékeré kan sórí pẹpẹ, mo sì fi àwọ̀ pupa sí i kí ó lè hàn. Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá ẹlẹ́kọ pẹ̀lú. Ó ní òun ti gbàgbé, ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi látòkè délẹ̀.

Iléyá ń bọ̀ nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Aṣọ kún iwájú mi, gbogbo oníbàárà ló sì fẹ́ gbà á lọ́jọ́ kan náà. Bàbá ti lọ kírun Àílà lọ́sàn-án, wọ́n sì bá ọ̀rẹ́ wọn kan rìn díẹ̀ kí wọ́n tó padà. Oúnjẹ ọ̀sán ti pẹ́ lórí iná, nítorí mo ń sọ pé kí n parí apá aṣọ yìí ná. Ọmọ mi wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń mu ọsàn, ó ń bá adìyẹ sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tó ké sí mi, ṣùgbọ́n ìró máṣíìnì bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí mo wá gbọ́ ni pé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ ọmọ yẹn ló gbé mi dìde.

Bàbá fẹ̀yìn ti ògiri, níbi tí mo máa ń dúró sí nígbà tí mo wà ní kékeré. Òógùn ń kán láti iwájú orí wọn. Ọmọ mi dúró síwájú wọn, ó na ọsàn tó ti mu dé àárín sí wọn lẹ́nu, itọ́ rẹ̀ ṣì wà létí ibi tí a ti bẹ́ ẹ. Pẹpẹ ga jù fún un.

"Ẹ mu ún, Bàbá. Ó dùn."

Bàbá wo ọsàn náà. Mo ti fẹ́ sáré lọ mú agolo pupa, ẹsẹ̀ mi sì dúró. Ẹni tí kò jẹ àjẹkù ọmọdé rí ni, bàbá rẹ̀ ò jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò jẹ ẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tó ń gbọ̀n gbá ọwọ́ ọmọ náà mú pẹ̀lú ọsàn inú rẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́nu. Wọ́n fà á títí ó fi di háhá.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ dé, òógùn ti ń gbẹ lára wọn. Wọ́n rí mi, wọ́n ní, "Sójà, má sọ fún ará ilé." Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Mo padà sí iwájú ilé, mi ò dúró ṣọ́ ààlà lọ́jọ́ náà, nítorí ojú mi ò ríran dáadáa.

Ó ṣe, mo gbọ́ Alhamdulillahi, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ. Lẹ́yìn náà ó gbé abọ́ náà jáde wá hàn mí, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e. Àjẹkù rẹ̀ wà ní apá kan, òkèlè bo ẹran rẹ̀. Apá kejì mọ́ fónífóní dé ara tánganran. Bàbá ti jẹ oúnjẹ tiwọn tán.